Ìdí tí àwọn kan ò fi lè ju ògbólógbòó kọ̀ǹpútà wọn nù: ìtàn sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ owó 🧵

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun lórí tábìlì, síbẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògbólógbòó kan tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Kì í ṣe pé wọ́n ya ahun o. Ìwé owó wọn láti ọdún gbọọrọ ló wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, torí ó kan èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi áàpù ṣọ́ owó lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

2/ Ìwé owó ti wà láyé tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1494, ní Venice, Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde tó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó sí ẹ̀gbẹ́ méjì: ibi tí owó ti kúrò, ibi tó lọ. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀, ó kàn kọ ọ́ kó má bàa sọnù ni. Nílé tiwa ńkọ́? Alájọ ní ìwé tiẹ̀, ẹ̀yin náà ní káàdì lọ́wọ́. Ẹ dá owó, ó fàmì sí i. Ẹ fi káàdì yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

3/ 1979. Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde fún Apple II. Òun ni baba ńlá Excel tí gbogbo wa mọ̀. Kó tó dé, tí nọ́ńbà kan bá yí lórí pépà, ẹ máa pa ìṣirò rẹ́ ni kí ẹ tún un ṣe látòkè délẹ̀. VisiCalc ń tún un ṣe fúnra ẹ̀. Àwọn oníṣòwò wà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà torí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo yìí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó gbé kọ̀ǹpútà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀?

4/ Lẹ́yìn náà ló wá kan owó inú ilé. Scott Cook, tó ti ṣiṣẹ́ ní Procter & Gamble rí, gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ń ráhùn pé kíkọ ṣẹ́ẹ̀kì láti fi san gbèsè ilé lóṣooṣù ti sú òun. Ní 1983, òun àti Tom Proulx, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford, dá Intuit sílẹ̀ ní California. Quicken ni wọ́n ṣe. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé lójú kọ̀ǹpútà, ó jọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì gan-an. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ akáúńtáǹtì rárá lè lò ó.

5/ Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò lágbára o. IBM PC tó jáde ní 1981, mẹ́mórì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 16 kílóbáìtì. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé ò wúwo láti ṣírò. Àròpọ̀ àti àyọkúrò ni, kẹ́ ẹ wá tò ó ní oṣù-oṣù. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà ṣì fi lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lónìí. Agbára kọ́ ni wàhálà tó wá bá a. Ẹ máa bá mi bọ̀.

6/ Ní 1991, Microsoft gbé Money tiẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n Quicken ò ṣeé lé bá. Ní oṣù Kẹwàá 1994, Microsoft ní òun máa kúkú ra Intuit fúnra ẹ̀, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹrin 1995, pé tí wọ́n bá ra á, kò ní sí ẹni tó máa bá wọn du ọjà yìí mọ́. Ní oṣù Karùn-ún, Microsoft jáwọ́. Ẹ wo bí ìwé ìnáwó ilé ṣe di nǹkan tí àwọn ńláńlá ń jà lé lórí.

7/ Láàárín gbogbo ìyẹn, àwọn èèyàn jókòó sílé, wọ́n ń tẹ ìnáwó wọn síbẹ̀ lójoojúmọ́. Owó oúnjẹ, owó ilé, owó ilé-ìwé ọmọ. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Fáìlì Money, Money nìkan ló mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ti Quicken náà bẹ́ẹ̀. Ìwé yín ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

8/ Ibi tó ti kọ́kọ́ ta àwọn onímac lára rèé. Ní 2005, Steve Jobs kéde pé Apple ń kúrò lórí ṣíìpù PowerPC bọ́ sórí ti Intel. Sọ́fítíwíà PowerPC ò gbọ́ èdè Intel. Apple wá fi ògbufọ̀ kan sáàárín, Rosetta lorúkọ ẹ̀. Quicken 2007 fún Mac, èdè PowerPC ló ń sọ, ògbufọ̀ yẹn ló gbé e dúró. Ní oṣù Keje 2011, Apple gbé Lion jáde, wọ́n sì lé ògbufọ̀ lọ. Ó tán nìyẹn.

9/ Intuit ti gbé ọ̀kan tuntun jáde ní 2010, Quicken Essentials, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí ti 2007 ń ṣe. Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Wọ́n kọ Lion. Àwọn míì ra Mac tuntun, wọ́n sì dá àtijọ́ sí torí Quicken nìkan. Nígbà tó di 2012, Intuit tún Quicken 2007 ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Lion, 14.99 dọ́là. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fẹ́ sin, wọ́n tún un jí tà, torí àwọn tó ń lò ó ò gbà kó kú.

10/ Ti Money tún le jù. Ní oṣù Kẹfà 2009, Microsoft ní àwọn ò ta á mọ́. Ìṣòro wá ni pé tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà míì, ó ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹni tó ń fúnni láṣẹ bá ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Kọ̀ǹpútà yín bàjẹ́, ìwé yín bá a lọ. Ní 2010 ni wọ́n wá gbé Money Plus Sunset sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ò nílò àṣẹ kankan. Kò lè gba nǹkan láti báǹkì, ṣùgbọ́n ó ń ṣí fáìlì. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń lò ó.

11/ Ẹ wá fi wé Mint. Ó jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà. Intuit rà á ní 2009, mílíọ̀nù 170 dọ́là. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n tì í. Ẹni tó ní Money lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń ṣí ìwé ẹ̀. Ẹni tó ń lo Mint tí ò kó ìwé ẹ̀ jáde kó tó dọjọ́ yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kankan tó lè gbà á sílẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Ilé-iṣẹ́ àti áàpù náà bẹ́ẹ̀.

12/ Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn o. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, áàpù kan wà tí mo fi ń kọ bí mo ṣe ń ná aláwíì mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní fóònù mi ti dàgbà jù, kí n lọ wá tuntun. Oṣù mọ́kànlá wà níbẹ̀! Fóònù ń pe, ó ń ya fọ́tò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìwé mi nìkan ni wọ́n tì mọ́lé. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn yìí.

13/ Ọ̀pọ̀ wa, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ là ń lò. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft parí àbójútó ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà ò lè gbé Windows 11. Ìyẹn ò sọ ọ́ di pàǹtí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi wọ báǹkì, kó máa jókòó ṣírò owó yín. Tàbí kẹ́ ẹ gbé Linux sí i, kẹ́ ẹ fi GnuCash sórí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ méjì bíi ti Pacioli ló ń lò, ó sì wà fún Windows àti Mac náà.

14/ Ẹ rántí káàdì alájọ? Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ó wà lọ́wọ́ yín. Tí ìwé alájọ bá jóná, káàdì yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí fáìlì tó ṣeé fojú kà jẹ́ nìyẹn. QIF tí Quicken dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀: D ni ọjọ́, T ni iye owó, P ni ẹni tẹ́ ẹ san án fún, ^ ló parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. CSV náà rọrùn bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ogún ọdún sẹ́yìn lè kà á, ti ogún ọdún sí i náà á lè kà á.

15/ Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi ìnáwó yín sínú áàpù èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe kó o jáde. Tí kò bá síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ kó CSV jáde, ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sórí fílàṣì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ń tọ́jú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe aláìgbọ́n. Ìwé ayé wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Àwa ṣì lè ṣọ́ tiwa láìsin ẹ̀rọ kankan.

16/ Áàpù wo lẹ̀yin fi ń kọ owó? Ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ kó ìwé yín jáde? Ẹ lọ wò ó nísinsìnyí, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi nísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá mi ta á látagbà fún ẹni tí fóònù ẹ̀ ti ń dàgbà. 🙏🏾