Gbèdéke Ọjọ́ Ìlò Lára Ohun Ìṣaralóge

Òfin tí ó de ohun ìṣaralóge, ìyẹn ìpara, àtíkè, lọ́fínńdà àti irú wọn tí a fi ń tún ara ṣe, kò fi gbogbo ìgbà ka ọjọ́ ìlò sí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí aró irun ìpéǹpéjú kan tí ń jẹ́ Lash Lure ti ba ojú àwọn obìnrin jẹ́ ní 1933, Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lu òfin oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge ní 1938, ṣùgbọ́n òfin náà kò béèrè pé kí wọ́n kọ ọjọ́ ìlò sára ìpara, àtúnṣe rẹ̀ ti 2022 náà kò sì béèrè fún un.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Lábẹ́ òfin àjọlò wọn ti 1976, wọ́n wá fi oṣù 30 ṣe ààlà: ọjà tí kò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ sára, àmọ́ èyí tí ó lè pẹ́ jù ú lọ bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ náà. Àlàfo ńlá ni èyí, nítorí ike tí wọn kò tíì ṣí ni wọ́n ń ka oṣù rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣí ìpara, tí ó sì ń ti ìka bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́, omi àti kòkòrò àìfojúrí yóò máa wọ inú rẹ̀, títí agbára èròjà adènà-ìbàjẹ́ tí ilé-iṣẹ́ pò mọ́ ọn yóò fi pin. Èyí tí ń kan ojú ni ó sì yẹ kó bani lẹ́rù jù.

Àtúnṣe 2003 sí òfin Yúróòpù yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 2005, ni ó dí àlàfo náà, nítorí ó pàṣẹ pé kí wọ́n ya àwòrán ike tí ìdérí rẹ̀ ṣí sára ọjà tí ó ju oṣù 30 lọ, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí a lè fi lò ó lẹ́yìn ṣíṣí, bí 12M, tí M dúró fún oṣù. Òfin nọ́ńbà 1223 ti 2009, tí ó rọ́pò ti 1976 ní 2013, di ìlànà yìí mú. Ìgbésẹ̀ pàtàkì ni àṣẹ 2005 náà jẹ́ nínú ìtàn òfin wọn, nítorí láti ìgbà náà ni kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òǹlò.

Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti irú ọjà wọ̀nyí, tí òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 15 ti 1993 dá sílẹ̀, béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà àti ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ yóò parí. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ra ìpara Yúróòpù wo ọjọ́ náà àti àwòrán ike, kí ó sì tẹ̀lé èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Òfin kò lè bá ẹnikẹ́ni rántí ọjọ́ tí ó ṣí ìpara. Kí òǹkàwé fi bírò kọ ọ́ sí ìdí ike lọ́jọ́ náà gan-an.