Kògbóògùn

Kò, gbọ́, oògùn: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló di kògbóògùn. Àrùn tí a ń da oògùn sí tí kò mira ni. Rédíò àti ìwé ìròyìn wa ló fi í pe HIV, ó sì bá a mu nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti 1996 tí àwọn dókítà ti ń lo oògùn mẹ́ta papọ̀, HIV ń gbóògùn dáadáa.

Kí ló dé tí kì í fi í tán pátápátá? Sẹ́ẹ̀lì T tó ń jẹ́ CD4, tó yẹ kó ké sí àwọn yòókù kí wọ́n wá jà, gan-an ni kòkòrò náà ń wọ̀. Sẹ́ẹ̀lì T mìíràn tó ń jẹ́ CD8 a máa pa èyí tó bá ti kó o. Àmọ́ àwọn CD4 kan a sùn lọ tòun ti kòkòrò nínú, apá oògùn ò sì ká a níbẹ̀. "Aláìṣeéwòsàn" lèyí, kì í ṣe kògbóògùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu nìyí: "Ó ń pa oògùn jẹ títí kòkòrò ara rẹ̀ fi di kògbóògùn."

Éèdì sì tún yàtọ̀ (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ HIV). Ìgbà tí CD4 bá já wálẹ̀ kọjá 200 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan ni dókítà ń pè é bẹ́ẹ̀.