Ògiri tí Mùsíọ́mù CoBrA Kò Lè Gbé

Ní ọdún 1995 ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù CoBrA ní Amstelveen, ìlú tó fara kan Amsterdam. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò bá àwòrán ẹyẹ, ẹranko àti ọmọdé pàdé, tí a kùn bí ẹni ń ṣeré. Eré kọ́. Ní Paris, ní oṣù kọkànlá ọdún 1948, ni àwọn ayàwòrán àti akéwì láti Denmark, Belgium àti Netherlands dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀; inú Copenhagen, Brussels àti Amsterdam ni wọ́n ti ṣa orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 1951, ẹgbẹ́ ti tú ká.

Àmọ́ ohun tó ṣeé gbé nìkan ni mùsíọ́mù lè kó jọ. Ní 1949, Karel Appel ya àwọn ọmọ tí ń béèrè sára ògiri ilé ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú Amsterdam. Àwọn ọmọ tí ebi ń pa, tó rí tí wọ́n ń ṣagbe ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Jámánì lẹ́yìn ogun, ló ní lọ́kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní oúnjẹ kò lè lọ lọ́nà ọ̀fun níwájú irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí òpìtàn ṣọ́ra kí ó tó pè wọ́n ní òpè: ìyàn ìgbà òtútù 1944 sí 1945 ṣe àwọn ará Amsterdam náà bí ọṣẹ́ ṣe ń ṣojú. Ìjọba ìlú fi bébà bo ògiri náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Gbọ̀ngàn ọ̀hún ti di hòtẹ́ẹ̀lì báyìí. Àwọn ọmọ náà ṣì wà lára ògiri.