Tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, 1918: ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn ń ṣe fún àwa ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibi kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú fóònù mi, ó tó kí n sọ ọ́ jáde.

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé mú gbogbo Èkó, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń bá iléeṣẹ́ kan dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Wọ́n gé owó oṣù wa sí ìdajì, wọn ò gé iṣẹ́. Dátà, èmi ni mò ń rà á. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké mọ́ mi lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Nǹkan oṣù mi ò wá lóṣù yẹn. Kò wá lóṣù kejì. Nígbà tó di oṣù kẹta, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ní nǹkan tí kò fẹ́ sọ. (Èmi tí mi ò jáde nílé! Ta ni mo fẹ́ lóyún fún? Fóònù?)

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní èmi nìkan kọ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń pe òun lórí ọ̀rọ̀ kan náà ti pọ̀ jù. Àìsùn, àìjẹun dáadáa, ọkàn tí kò balẹ̀: ó ní bí ara bá ti rí i pé nǹkan le níta, a máa ti àwọn ilẹ̀kùn kan ná.

Ilẹ̀kùn yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò. History ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà bí nǹkan bá ti dùn mí, ẹ̀yìn ni mo máa ń wò. Mo wá ń bi ara mi pé, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa tí àjàkálẹ̀ àrùn bá lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí 1918.

Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ HMS Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró, àwọn tó ń ṣàìsàn sì wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀, àrùn náà, influenza, ń bá ọkọ̀ òwò wọ èbúté kan tẹ̀ lé èkejì ní etíkun wa. Accra gbà á níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ SS Bida dé Èkó láti Accra. Ó parí.

Ìjọba rán wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n máa wá àwọn tó ń ṣàìsàn jáde, kí wọ́n sì máa da oògùn apakòkòrò sínú ilé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àjèjì wọlé wá bá ẹ, ó fẹ́ mú ọmọ ẹ lọ síbi tí o ò mọ̀. Kí ni wàá ṣe? Àwọn ará Èkó sá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ rélùwéè. Rélùwéè yẹn ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó sì ti dé Kánò kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Àrùn náà kò sanwó ọkọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ojú irin dé ló dé. Iye tí àwọn onítàn sábà máa ń dá ni pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Ibi tó kan àwa gan-an rèé. Ọ̀fìnkìn àti ibà tí a mọ̀, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ló máa ń bá jà. Ti 1918 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa ọmọdé, ó pa àgbà, ó wá tún padà sáàárín, ó ń kó àwọn ẹni 20 ọdún sí 40 ọdún lọ. Bí wọ́n bá ya iye àwọn tó kú sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, ó máa ń rí bíi lẹ́tà W, òkè àárín yẹn sì ni àwa. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ní ara tó lágbára ló gbéjà ko àrùn náà kọjá ààlà, tó wá ba ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn àgbà ti pàdé ìbátan kòkòrò náà nígbà èwe wọn. Oògùn kò sí. Ọdún 1928 ni wọ́n tó rí penicillin, èyí tí ì bá gba àwọn tí òtútù àyà bá tẹ̀ lé ibà náà.

Obìnrin ẹni ọdún 20 sí 40 nígbà yẹn, báwo ló ṣe ń gbé? Ẹ wo ìyá-ìyá yín. Ó lè lóyún, ó lè ń tọ́mọ, ó sì lè ti ru ẹrù lọ sọ́jà ní ìdájí. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dúró de èkejì. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, J. W. Harris, kó àkọsílẹ̀ 1,350 aláboyún tí influenza mú jọ, ó sì gbé e jáde ní 1919. Nínú gbogbo 100, 27 ló kú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn di òtútù àyà, nǹkan bí ìdajì ló kú, ìdajì oyún wọn náà sì bàjẹ́. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan, mo wá gbé fóònù sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò ju bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Aláboyún ń mí fún ẹni méjì, ilé-ọmọ tó ń dàgbà ń ti àyà sókè, ara rẹ̀ sì ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú ìjà kó má baà lé ọmọ inú jáde. Ẹ wá fi ti iṣẹ́ ilé kún un: ta ló ń fún aláìsàn lómi? Ta ló ń nu èébì? Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni àrùn ń kọ́kọ́ bá, tí òun náà bá sì dùbúlẹ̀, iná kú lórí ààrò nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹnì kan báyìí. Orúkọ rẹ̀ ni Sophia Odunlami. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú. Rélùwéè kò dé Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n Èkó àti Ìjẹ̀bú ń ná ọjà pọ̀ ní Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà, àwọn obìnrin sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Àrùn náà mú Sophia. Ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dìde, ó ní òun gbọ́ ohùn Ọlọ́run: kí àwọn èèyàn da oògùn nù, tòyìnbó àti tìbílẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì máa lo omi òjò. Ó ń kéde rẹ̀ kiri. Àwọn èèyàn gbọ́.

Nínú ìjọ Anglican ti St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan ti ń péjọ gbàdúrà nítorí àrùn yìí. Olórí wọn ni Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà. Tíṣà yìí dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní nǹkan bí 1922, ọ̀nà àwọn àti Anglican pín, torí wọ́n ní àwọn ò ní lo oògùn, àwọn ò sì ní ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Láti ara ẹgbẹ́ yẹn la ti dé ìsọjí Ayọ̀ Babalọlá ní 1930 àti CAC lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí wọ́n tọ́ nílé Aládùúrà, ìyẹn ni pé omi tí màmá wa ń gbé sórí pẹpẹ ní oríkì kan nínú àjàkálẹ̀ àrùn, nínú ara ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́, tí ibà dá dùbúlẹ̀.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn kan fẹ́ kọ sísàlẹ̀. Omi òjò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ni ilé ìwòsàn ìjọba ní lọ́wọ́ ní 1918? Aspirin, quinine, àti wolé-wolé lẹ́nu ọ̀nà. Òjò mọ́ ju odò tí gbogbo ìlú ń pọn lọ. Ẹni tó ń mu omi tó mọ́, tí àwọn èèyàn yí ká tí wọn ò sá fún un, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó lè ju ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo kà, orúkọ àwọn ọkùnrin gba ojú ìwé, ti Sophia gba ìlà kan tàbí méjì.

Ọ̀rọ̀ gàrí náà wà níbẹ̀ o. Don Ohadike, onítàn, kọ ọ́ ní 1981 pé lẹ́yìn influenza yẹn ni gbágùúdá gbilẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ odò Ọya, nílẹ̀ Igbo. Àwọn tó lágbára láti kọ ebè iṣu ti kú tàbí wọ́n ti di aláìlera. Gbágùúdá kì í béèrè ohun tó pọ̀: gé igi rẹ̀, rì í mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ló gbà á mọ́ra. Àmọ́ ẹni tó bá ti rin gàrí, tó ti fún un, tó sì ti yan án nínú èéfín mọ̀ pé iṣẹ́ tí oko dín kù, ẹ̀yìn obìnrin ló bọ́ sí.

Ká padà sí 2020. Kòrónà kò dà bí ti 1918. Àwọn àgbà ló pa jù, ọkùnrin sì kú ju obìnrin lọ. Torí náà, nígbà tí ìjọba ń ka òkú lórí tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́, a ò sí nínú òǹkà yẹn, gbogbo èèyàn sì rò pé ara wa le. Lóṣù kẹta 2022, àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi 25% lé sí i káàkiri ayé ní ọdún àkọ́kọ́ Kòrónà, pé àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin ló sì kàn jù. Àwa ni méjèèjì. WHO yìí kan náà ló ní nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá òṣìṣẹ́ ìlera lágbàáyé ni obìnrin. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ìbòjú kan ṣoṣo ló ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà yẹn, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ń sá a sórí fáànù. Tó bá délé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń bọ́ṣọ, ọmọ rẹ̀ ọdún méjì á máa sunkún nínú ilé pé kí ó wá gbé òun.

Nígbà tí nǹkan oṣù mi padà dé, oṣù keje ni. Mo bú sẹ́kún ní balùwẹ̀. Màmá mi kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí, Màámi, ó ti dé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ o," ó wá lọ gbé omi gbígbóná kaná.

Bí ìyá-ìyá yín tàbí ìyá àgbà kan ládùúgbò bá ti sọ ìtàn influenza 1918 fún un yín rí, pàápàá ní Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Orúkọ tí wọ́n pe àrùn náà nílùú yín ni mo ń wá jù. Mò ń kó wọn jọ.