Igi Tí Wọ́n Dáná Sun, Tó Wá Di Ọjà Olówó Iyebíye

Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Òwe yìí bá ìtàn igi kékeré kan mu ní ilẹ̀ Níú Sílándì, lápá gúúsù ayé lọ́hùn-ún. Mánúkà ni wọ́n ń pe igi náà. Ìbátan gúáfà àti kànáfùrù ni. Ewé rẹ̀ kéré, ó mú ṣóńṣó, ó sì ń ta sánsán. Òdòdó rẹ̀ funfun báláú.

Àwọn Maori tó ni ilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Igi rẹ̀ le, wọ́n fi ń gbẹ́ àjẹ̀ àti ọ̀kọ̀. Wọ́n ń se ewé rẹ̀ fún ibà, wọ́n sì ń fi ooru rẹ̀ wo ọ̀fìnkìn. Nígbà tí Kápútẹ́nì James Cook gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1773, ó fi ewé yìí ṣe tíì, ó sì fi pọn bíà, kí àìsàn tí àìjẹ ewébẹ̀ ń fà lójú òkun má baà pa àwọn atukọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn àdéhùn Waitangi ti 1840, òyìnbó ya wọ ibẹ̀ bí eṣú. Àgùntàn ni wọ́n fẹ́ sìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣán, mánúkà a tún hù bò ó. Wọ́n gé e, wọ́n dáná sun ún, kò lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, kòkòrò kan tó ti Australia wá bẹ̀rẹ̀ sí pa igi náà. Ẹ wá gbọ́ o: inú àgbẹ̀ dùn! Wọ́n ń gbé ẹ̀ka tí kòkòrò bò láti oko dé oko, kí ó lè tàn kálẹ̀.

Oyin ńkọ́? Ní 1839 ni Mary Bumby, arábìnrin ajíhìnrere kan, kó oyin wọ ilẹ̀ náà. Oyin tí wọ́n bá fi òdòdó mánúkà ṣe a máa dúdú, a sì ki débi pé kì í fẹ́ kúrò nínú afárá. Àwọn olóyin kà á sí yẹpẹrẹ. Àfi ìgbà tó di àwọn ọdún 1980, tí Peter Molan ti Yunifásítì Waikato rí i pé ó ń pa kòkòrò inú egbò lọ́nà tí oyin mìíràn kò lè gbà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Dresden, Jámánì, tọ́ka sí èròjà tó ń ṣe é, methylglyoxal. Kíá, oyin yẹpẹrẹ di ọ̀wọ́n.

Owó dé, ìjà dé. Mánúkà ń hù ní Australia náà, wọ́n sì ń fi orúkọ yẹn ta oyin tiwọn. Maori ní èdè àwọn ni orúkọ ọ̀hún. Ní 2023, iléeṣẹ́ tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀ ní Níú Sílándì fúnra rẹ̀ kò fún wọn ní àṣẹ lórí orúkọ oyin mánúkà.

Ohun tó ká mi lára nìyẹn. Nígbà tí igi náà kò lówó lórí, kò sẹ́ni tó bi Maori léèrè; ìgbà tó lówó lórí tán, orúkọ di ti gbogbo ayé. Àwa náà ńkọ́? Ewé Akíntọ́lá tí àgbẹ̀ wa ń gégùn-ún fún lóko, ṣé òun kọ́ la ń fún sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣáni? Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Kí á tó fi iná sí igbó, ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àti iṣẹ́ ohun tó wà níbẹ̀, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ lédè wa kí ẹlòmíràn tó kọ ọ́.