Etíkun Oregon: Ọ̀nà tí Ẹsẹ̀ Là

Láàárín Cannon Beach àti Arch Cape, ní Ìpínlẹ̀ Oregon ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àpáta kan wà tí ó yọrí sínú òkun. Hug Point ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nígbà tí omi bá fà yóò rí ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sí ara àpáta náà. Kí títì tó dé agbègbè yìí, orí iyanrìn tútù ni ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ń gbà kó èrò àti lẹ́tà. Bí òkun bá kún, àpáta náà a dí ọ̀nà pa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kí kẹ̀kẹ́ lè rí ibi gbà.

Níwájú, ní apá gúúsù, ni òkè Neahkahnie wà, tí gíga rẹ̀ ju 1,600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Iyanrìn parí síbẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó gun òkè náà, tí ó ń lọ́ láàárín igi ńláńlá, tí gbòǹgbò ń kọ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí kùrukùru bá bo ibẹ̀, arìnrìn-àjò kì í rí òkun mọ́; ariwo ìgbì nìkan ni yóò máa gbọ́ nísàlẹ̀. Àwọn Tillamook, ọmọ onílẹ̀, ti ń rin ibẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé.

Oswald West, tí ó jẹ́ gómìnà láti 1911 sí 1915, gun ẹṣin kọjá lórí òkè yìí lọ sí Nehalem. Ní àsìkò náà, ìjọba ti ń ta etíkun díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ó bá lówó. West kò bá àwọn aṣòfin jà. Òfin kúkúrú kan ni ó gbé síwájú wọn ní 1913, pé kí gbogbo etíkun, láti ẹnu odò Columbia títí dé ààlà California, di ọ̀nà ìjọba. Olùwòran lè béèrè pé kí ni ó kan ọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ọgbọ́n West gan-an nìyẹn. Ta ni yóò kọ ọ̀pọ̀ máìlì ọ̀nà tí kò ní ná ìlú ní kọ́bọ̀? Àwọn aṣòfin gbà á.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní àléébù. Ibi tí omi ń kún dé ni agbára rẹ̀ mọ. Iyanrìn gbígbẹ tí ó wà lókè kò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ń jókòó sí, tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí wọ́n ń dáná. Fún ọdún tí ó lé ní 50, kò sí ẹni tí ó bìkítà fún ìyàtọ̀ yìí. Ní 1966, onílé ìtura kan ní Cannon Beach fi ìtì igi ṣe ọgbà yí iyanrìn gbígbẹ iwájú ilé rẹ̀ ká, ó ní àlejò òun nìkan ni ó gbọ́dọ̀ lò ó. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe olè.

Ariwo ta. Àbá òfin tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin. Ní oṣù karùn-ún 1967, Gómìnà Tom McCall fi hẹlikópítà balẹ̀ sí etíkun pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀, lójú àwọn oníròyìn, kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí ó yẹ kí ààlà wà. Wọ́n fi í sí ibi tí ó ga ju òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 16. McCall fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje.

Ẹjọ́ kò tán síbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Thornton àti Hay, ní 1969, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Oregon ní láti sọ bí ilẹ̀ tí ènìyàn ní ìwé rẹ̀ ṣe lè jẹ́ ibi tí gbogbo ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀. Adájọ́ Alfred Goodwin, tí ó kọ ìdájọ́ náà, dìrọ̀ mọ́ àṣà. Blackstone, amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ti to ohun tí ó ń sọ àṣà di òfin: kí ó ti pẹ́ kọjá ìrántí, kí ó má dáwọ́ dúró, kí ó wà láìsí ìjà, kí ó bọ́gbọ́n mu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí èyí ya ẹni tí ó gbà pé ìwé nìkan ni ẹ̀rí lẹ́nu. Bí ènìyàn ṣe ń rìn, tí wọ́n ń jókòó, tí wọ́n ń dáná, ni ó borí ìwé onílẹ̀.

Ẹ̀rí àṣà náà ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ní nígbà tí aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ dé, wọ́n bá àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń wa ẹran inú karawun lábẹ́ iyanrìn tútù, tí wọ́n sì ń dáná oúnjẹ lórí iyanrìn gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì korò nínú. Ní 1954, ọdún 15 ṣáájú ìdájọ́ náà, Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi òfin sọ pé òun kò mọ àwọn ẹ̀yà ìwọ̀-oòrùn Oregon mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlú. Iná tí wọ́n dá di ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn; àwọn tí ó dá a kò ní ilẹ̀ mọ́. Àwọn ti Siletz gba ìdánimọ̀ wọn padà ní 1977, àwọn ti Grand Ronde ní 1983.

Láti 1971 ni ìpínlẹ̀ náà ti gba ètò ọ̀nà ẹsẹ̀ etíkun kan wọlé, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 400 máìlì. Ó gba orí Neahkahnie kọjá, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n fi orúkọ West sọ. Ọ̀nà náà kò tíì parí. Ní àwọn ibì kan, ẹlẹ́sẹ̀ ní láti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá 101, kí ó máa bá ọkọ̀ àjàgbé du ọ̀nà títí iyanrìn yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.