Ìwé Ẹ̀rí Ìbí: Ọjọ́ 60 Ni Òfin Fún Òbí

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ọjọ́ kẹjọ bá pé, tí ẹbí péjọ, tí wọ́n sì sọ ọmọ lórúkọ tán, ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé ètò ti parí. Lójú òfin Nàìjíríà, ó ṣì ku ohun kan: kí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀.

Ọdún 1992 ni òfin tó sọ èyí di dandan jáde. Ọwọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni iṣẹ́ náà wà. Ọjọ́ 60 ni òfin fún òbí láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni láàárín àsìkò náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tún fi kún un pé kí a sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí a bí i, tàbí lọ́jọ́ tí àṣà àwọn òbí rẹ̀ bá là sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin kò tako ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà máa ń wà ní sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ àti ní àwọn ilé ìwòsàn kan. Kí òbí mú káàdì ìbí tí ilé ìwòsàn fún wọn tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tiwọn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ètò ìforúkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà.

Orúkọ ni kí òbí ṣọ́ra fún jù. Bàbá àgbà lè pe ọmọ ní Adébáyọ̀, kí ìyá máa pè é ní Àjàyí, kí wọ́n sì sàmì fún un ní Samuel. Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ni kí wọ́n kọ nílé ìwé àti nínú ìwé ìrìnnà. Bí ìwé kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Káàdì ilé ìwòsàn tàbí ìwé ìsàmì kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tún yàtọ̀: ìlú baba ni èyí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ibi tí a bí ọmọ sí. Ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí ní Ìbàdàn yóò gba ìwé ẹ̀rí ìbí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Iléṣà ni yóò ti gba ti ọmọ ìbílẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọdún Wẹ́tìẹ tàbí ọdún tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà jà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ìyẹn kò tó mọ́ lónìí. Ọmọ tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi hàn pé òun kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi í fọ́kọ tipátipá, tàbí tí wọ́n bá gbé e lọ ṣiṣẹ́ àgbàlagbà. Nínú ìwádìí ọdún 2021, ìpín 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ni orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀. Àwọn tó kù ni òfin yìí ṣì ń dúró dè.